Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Rí Ọyẹ́

Nínú àròkọ aṣàlàyé, olùyẹ̀wò fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Má kàn kọ ọ́ pé sátẹ́láìtì ń rí ọyẹ́. Ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí i. Ka àpẹẹrẹ yìí:

Bí ọyẹ́ bá ń mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ètè a máa bẹ́, eruku a bo ewé àti àga, ọ̀nà Ṣàgámù kì í sì í hàn kedere sí awakọ̀ ní òwúrọ̀. Níbo ni eruku yìí ti ń wá?

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ibi tí ó jìnnà sí wa ju 1,500 kìlómítà lọ. Ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Omi náà gbẹ, ẹrẹ̀ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e bọ̀.

Ní 1977 ni àwọn ará Yúróòpù fi sátẹ́láìtì Meteosat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfuurufú. Èyí tí ó ń wo apá ọ̀dọ̀ wa wà lókè Òkun Gínì, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń yí, nítorí náà ojú kan náà ni ó ń wò tọ̀sán-tòru.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tí ó rí? Ní ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà, omi adágún a máa di yìnyín. Funfun ni yìnyín, funfun ni ìkùukùu. Bí a bá to àwòrán tẹ̀ léra, èyí tí ó rìn ni ìkùukùu, èyí tí ó dúró ni yìnyín. Ṣùgbọ́n eruku àti ìkùukùu ni ó ń rìn. Ìtànṣán ooru tí ó ń ti ara wọn wá ni a fi ń dá wọn mọ̀, àní lóru pàápàá. Kọ̀ǹpútà a sì kun eruku ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Eruku tí ó gbéra ní Bodélé sábà máa ń lò ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ó tó dé, NiMet, àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, lè kìlọ̀ fún awakọ̀ òfuurufú àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Kíyè sí i: ìbéèrè méjì ni ó gbé àròkọ yìí ró, òwe ìparí sì bá kókó rẹ̀ mu. Ìwọ náà kọ àròkọ lórí "Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Òjò Ń Bọ̀".