Ohun Ìkóyanrìn Tí A Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo mú wá. Etí òkun Bournemouth, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti kọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òrùka ìgbéyàwó ìyá onílé mi bọ́ sínú iyanrìn. Mo yá ẹ̀rọ awárin, èyí tí a fi ń wá wúrà, fàdákà, bàbà àti irin tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké, mo sì fi ṣọ́bìrì kékeré onírin gún ilẹ̀. Bí mo ti ń wa iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ya padà sínú ihò. Ẹ̀rọ kò sì dẹ́kun igbe, nítorí ṣọ́bìrì ọwọ́ mi pàápàá ni ó ń gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo fi ìṣísẹ̀ wọn ibẹ̀ láti ara ògiri, mo sì padà lọ́wọ́ òfo.

Àìrí àdàn ni a ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní òru náà, mo mú ìgò ọṣẹ olómi kan, oníke, tí ó nípọn, tí ó sì ní ọwọ́ ìdìmú. Báyìí ni mo ti ṣe é:

1. Mo fọ̀ ọ́, mo sì dé e pinpin.
2. Mo gé ìdí rẹ̀ dànù ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ètè kan lè yọ síwájú bí ẹnu ṣọ́bìrì.
3. Mo lu ihò sí i lára bí ajere. Ihò kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 8 lọ, kí òrùka má baà gba ibẹ̀ bọ́. Ẹni tí ó ń wá yẹtí yóò lu ihò tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀, mo ń kó iyanrìn, mo ń jọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ike. Nítorí náà, mo ń na ìgò náà sí i láti mọ̀ bí ohun tí mò ń wá bá ti wọ inú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí òrùka. Ṣùgbọ́n ẹnu ṣọ́bìrì àná ti há a lára. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ike kò tó fún iyanrìn tútù etí omi, nítorí pé ó máa ń tẹ̀. Irin oníhò tí ó ní igi gígùn ni ó yẹ níbẹ̀. Ẹ tì í bọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ ti ké, kí ẹ gbé iyanrìn láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì mì í nínú omi. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan irin náà, kí ó má baà dípẹtà.

Ẹ gba àṣẹ ẹni tí ó ni etí òkun kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Ẹ dí gbogbo ihò, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà fi ẹsẹ̀ yẹ̀ síbẹ̀. Ní England, Òfin Ìṣúra ọdún 1996 pa á láṣẹ pé kí a fi ìṣúra àtijọ́ tí a bá rí tó aláṣẹ létí láàárín ọjọ́ 14.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: (i) Kí ni ó dé tí ike fi dára ju irin lọ nínú iyanrìn gbígbẹ? (ii) Àwọn ohun wo ni ó wà ní ilé yín tí ẹ lè sọ di ohun ìkóyanrìn?