Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ǹjẹ́ Òótọ́ Lérè fún Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ẹ̀rí-ọkàn?

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láàárín wa bi wá pé àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá ìpinnu ṣe lóde òní, tí wọn kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọn kò mọ ìtìjú, kí ni yóò dá wọn dúró tí wọn kò fi ní rẹ́ni jẹ? A ṣèlérí pé a ó dáhùn nínú ìwé yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Robert Axelrod ti Yunifásítì Michigan, dá a wò. Ó ní kí àwọn onímọ̀ kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kí àwọn ètò náà máa bára wọn ṣe bí oníṣòwò méjì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú yóò yàn láìgbọ́ tẹnu èkejì: òótọ́ ni àbí ọ̀dàlẹ̀? Bí àwọn méjèèjì bá ṣòótọ́, wọ́n gba máàkì 3-3. Bí ọ̀kan bá dalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ gba 5, olóòótọ́ lọ lófo. Bí àwọn méjèèjì bá dalẹ̀, 1-1. Ìgbà 200 ni wọ́n ṣe é.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa pàdé, ẹni tó bá mọ ìṣirò á dalẹ̀ ni. 5 ṣáà ju 3 lọ, 1 sì sàn ju òfo lọ.

Ètò 14 ló wọlé. Èyí tó borí ló kúrú jù, Anatol Rapoport ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà ló kọ ọ́. Á kọ́kọ́ ṣòótọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹnìkejì bá ṣe sí i kẹ́yìn ni yóò san padà. Ẹ dalẹ̀, á gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀; ẹ yí padà, ìjà ti parí nìyẹn. Axelrod tún pe ìdíje kejì, ètò 62 dé, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó borí àkọ́kọ́, síbẹ̀ òun náà ló tún gbégbá orókè. Ẹ sì wá wò ó o: kò fìgbà kan gba máàkì ju ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é lọ! Ó kàn ń bá ọ̀pọ̀ jèrè pọ̀ ni.

Nítorí náà ìdáhùn wa fún ìyá ni pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lè jẹ́ ọgbọ́n fún ẹ̀rọ, bí ọ̀la bá wà, tí ẹnìkejì sì rántí tàná. Àmọ́ àwa kò ní pe ìyẹn ní ìwà. Ìṣirò ni. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, tí gbogbo wọn mọ̀ pé 200 lòpin, àwọn kan wà tó ń ṣe dáadáa títí, tí wọ́n wá dalẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Nínú èkejì, Axelrod fi òpin náà pamọ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, torí a ti rí i rí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan san owó déédéé fún ọdún mẹ́fà, ó yá èyí tó pọ̀ jù, ó kó kúrò nílùú. Oníduùró rẹ̀, ẹlẹ́lùbọ́, ṣì ń san án di bá a ti ń wí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ inú fóònù ń yá lówó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí olówó rẹ̀ ń gbé, àti ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá dàrú.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ yìí la máa fi ṣáájú ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo oníduùró mú páàsì búùkù wọn dání.