Ìdánwò Hard Disk Tuntun Ṣáájú Ìpamọ́ Lítíréṣọ̀ Alohùn

Inú hard disk kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wa ń kó ohùn ìjálá àti rárà tí a gbà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí sí. Bí apohùn bá ti fi ilẹ̀ bora, ohùn náà nìkan ló kù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé jíjẹ́ tuntun kò sọ hard disk di ohun tó yẹ fún ìpamọ́. Àwọn ìyá wa a máa bu omi sínú ìkòkò tuntun láti mọ̀ bóyá ó ń jò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà dán an wò. Èkíní, kí a yan ìlànà tí yóò fi máa to fáìlì. FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, fídíò ọdún ìbílẹ̀ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. NTFS tàbí exFAT ló yẹ. Èkejì, kí a ṣe fọ́múàtì kíkún. Quick Format kì í yẹ ojú disk wò, ṣùgbọ́n láti ìgbà Windows Vista ni fọ́múàtì kíkún ti ń kọ òdo sí gbogbo rẹ̀, tí ó sì ń sàmì sí ibi tó bàjẹ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì ń pa ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, kí a rí i dájú pé disk tuntun náà gan-an ni a yàn. Ẹ̀kẹta, kí a kó ẹ̀dà fáìlì sí i, kí a sì gbọ́ ọ láti ibẹ̀ kí a tó pa ti inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ́.

Ní ìkádìí, disk tó yege lónìí lè kú lọ́la. Ẹ̀dà kejì, ní ibòmíràn, pọn dandan.