Ẹ Jẹ́ Kí Orin Náà Tán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló kọ́ yín pé bí fáyólìnì bá ti dún lórí rédíò, ọwọ́ gbọ́dọ̀ sáré lọ yí i? Mo ń wò yín ní Fọlá Agoro níbí. Ẹni tó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí á pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ó gbà á mọ́ra. Orin Bach, olórin Jámánì ayé àtijọ́ nì, á wọlé báyìí, ẹ ó ní, "Àǹtí, orin òkú nìyí." Òkú ta ni?

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Oko baba yín gan-an sì lẹ ń sá fún yìí. Ní 1935 ni àpótí Rediffusion bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn BBC wọ ilé àwọn ará Èkó. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni wàá gbọ́. Nígbà tó yá, Fẹlá Ṣówándé, tí òun náà ń kọ irú orin yìí, di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, Akin Euba náà ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969, ní Àkọkà tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ yìí.

Orin pálọ̀ ni orin Bach tí ẹ ń sá fún yìí, kì í ṣe ti pápá ìṣeré. Bach ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ọba kan ní Köthen, ní Jámánì, láti 1717 dé 1723. Ọmọ ọba náà fúnra rẹ̀ a máa ta fáyólìnì. Ẹ fetí sí ìsàlẹ̀ orin náà: ohun èlò kan wà tí kì í dákẹ́, tó ń ṣe bíi gúdúgúdú, tí àwọn yòókù á wá máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ìyáàlù.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ópẹ́rà kò kàn yín. Ní 1728, wọ́n ṣe ópẹ́rà kan ní Lọ́ńdọ̀nù nípa olè àti alágbe. Ará Jámánì kan, Pepusch, ló to orin rẹ̀. Igba ọdún lẹ́yìn náà, Brecht òǹkọ̀wé eré àti Kurt Weill olórin tún un ṣe ní Berlin. Nígbà tó di 1977, Ṣóyínká gbé e dé Ifẹ̀, ó pè é ní Opera Wonyosi. Ẹ̀yin ò mọ wọ̀nyọ̀sí! Léèsì ni o, oníhò jágbajàgba, owó rẹ̀ sì ga ju ti aṣọ tó dì. Àwọn ẹgbẹ́ mi yá owó rà á lọ sí òde. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni Ṣóyínká ń bú, àwọn olówó òjijì ayé owó epo.

Ẹ̀yin ọmọ kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Bó bá di Kérésìmesì, ẹ ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa kọ Messiah, gbogbo ìjọ á dìde dúró fún yín. Ọmọ Jámánì ni Handel tó kọ ọ́, ọdún kan náà, 1685, ni wọ́n bí òun àti Bach. Èwo wá ni orin òkú níbẹ̀?