Pùròpélà wo ló yẹ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù?

*Ọmọ Ojoku, lẹ́bàá Ọ̀fà, ni mí. Mo ra ọkọ̀ onípákó kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Yamaha 40 àlòkù, mo sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ èrò àti ẹrù ní Jebba. Bó bá ṣófo, ó ń sáré dáadáa. Bó bá kún, ńṣe ni ẹ́ńjìnì ń kérora, imú ọkọ̀ á gbé sókè, kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì fi tákómítà wo iye tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan: 3,900 nígbà tó kún, 4,900 nígbà tó ṣófo. 11¼ × 14 ni wọ́n kọ sára pùròpélà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra èyí tó ju 14 lọ kó lè lágbára sí i. Ṣé òótọ́ ni?*

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ padà sí.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 11¼, ni fífẹ̀ pùròpélà náà ní íńṣì. Èkejì, 14, ni wọ́n ń pè ní pitch: iye íńṣì tí ì bá sún síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí sikúrù ṣe ń wọ inú pákó. Omi kì í ṣe pákó, ó máa ń yẹ̀, nítorí náà kì í rìn tó bẹ́ẹ̀ tán. Bí pitch bá ṣe ga tó ni iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń ṣe nínú yíyí kan ṣe ń pọ̀ tó. Ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ènìyàn méjì lè gba 14. Tiyín, pẹ̀lú èrò àti àpò iṣu, kò lè gbà á.

Irú ẹ́ńjìnì yín, bí a bá yí ọwọ́ iná rẹ̀ dé òpin, láàárín 4,500 sí 5,500 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá wo 3,900. Ẹ́ńjìnì tí a tẹná mọ́ tí kò ráyè yí a máa gbóná, èédú á dì sórí písítìnì rẹ̀, epo á máa lọ lásán. Ìkérora tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín.

Íńṣì pitch kan tí ẹ bá yọ á fi nǹkan bí 200 kún yíyí ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ mẹ́ta nínú 14, ó ku 11. Ẹ fi 600 kún 3,900, ẹ ti dé 4,500. Lófo, 4,900 á di 5,500, òpin ibi tó yẹ kó dé nìyẹn, nítorí náà kí ẹ dẹ ọwọ́ iná bí ẹ bá ń padà láìkó nǹkan. 11⅝ × 11 ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á. Pé ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Apá tó fẹ̀ ń di omi mú dáadáa fún ẹrù.

Èrò pé èyí tó pọ̀ ló lágbára ti pẹ́ láyé. Ní 1837, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Francis Pettit Smith, ń dán ọkọ̀ rẹ̀ wò lójú omi Paddington ní Lọ́ńdọ́nù. Onígi ni pùròpélà rẹ̀, ó gùn, ó lọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọlu nǹkan, ìdajì rẹ̀ sì kán. Kíá, ọkọ̀ náà ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Alumíníọ̀mù ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe le dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọ́n, bó bá sì gbá àpáta, gíà ló lè jẹ ìyà náà. Odò Ọya kò ṣàìní àpáta àti ìtì igi.

Kí ẹ tó tú ti àtijọ́, ẹ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnì má baà ṣèèṣì jí. Ẹ ti pákó kan sáàárín apá rẹ̀ àti pẹpẹ irin òkè rẹ̀ kó má yí, ẹ na píìnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì. Ẹ wo ìdí ọ̀pá náà fínnífínní: okùn ọ̀rá àwọn apẹja máa ń wé mọ́ ibẹ̀, ó sì ń gé rọ́bà tó dí omi mọ́ta. Bí ọ́ìlì gíà bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọlé. Ẹ fi gíríìsì pa ọ̀pá náà, ẹ má sì gbàgbé wọ́ṣà ńlá tó wà níwájú.

Bí ẹ bá fi 11 sí i tí tákómítà kò sì dé 4,500, ẹ má lọ wá 9. Ẹrù ló pọ̀ jù, ẹ sọ díẹ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023, ó lé ní 100 ènìyàn tó bá omi lọ ní agbègbè Pategi, ní Kwara wa níbí, nígbà tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ti ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo èrò yín wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó kúrò létí odò.

Ẹ má ta 14 yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú spánà àti píìnì tuntun, kó lè gbé yín dé èbúté lọ́jọ́ tí 11 bá kán láàárín omi.