Ẹ̀kọ́ lórí gbígbé alùpùpù tí ó bàjẹ́ lọ sílé

Bí alùpùpù bá kú láàárín Adó-Èkìtì àti Ìyìn, kò yẹ kí a fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Táyà méjì péré ni ó ní. Bí okùn bá fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ṣubú pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún, ọkọ̀ yóò sì máa wọ́ wọn lọ. Ilẹ̀ Èkìtì sì kún fún òkè: ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, okùn a máa dẹ̀, a sì lè lọ́ mọ́ táyà iwájú.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni kí a gbé e sí. Kí a ti ẹnu ọ̀nà epo rẹ̀, kí ó dúró ṣánṣán, kí a sì fi okùn mẹ́rin dè é gbọn-in, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó lé e. Owó ọkọ̀ kò tó owó egungun tí ó ṣẹ́.