Ẹ Béèrè Ibi Tí Ìpẹtà Náà Ti Wá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi ọ̀dà sọ ọkọ̀ ẹrù rélùwéè kékeré di ògbólógbòó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: ẹ má fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi lè sọ ohun tó fa àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ fi sára ọkọ̀ náà. Ara ọkọ̀ ni ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wà: ẹrù tó gbé, òjò tó pa á, ọdún tó ti lò. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà, tó kàn da àwọ̀ ìpẹtà lé e lórí, irọ́ ló ń pa, bó ti wù kí irọ́ náà dùn ún wò tó. Nítorí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ibẹ̀ ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Láyé àtijọ́, inú àpótí irin kékeré kan ni ẹnu ọ̀pá ẹsẹ̀ máa ń wà, wọ́n á kó òwú tí wọ́n rẹ sínú epo há a kí irin má baà jẹ irin. Epo yẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń jò sójú ẹsẹ̀, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí bẹ́árìn onírólà, èyí tí wọ́n dí lẹ́nu pa, gbapò rẹ̀, epo ò jò mọ́, ojú ẹsẹ̀ wá gbẹ, ó sì pọ́n. Ẹsẹ̀ pupa gbígbẹ lábẹ́ ọkọ̀ alápòótí-epo, àṣìṣe ni. Ibi kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì ti jọra ni etí tó ń yí lórí irin ọ̀nà, tó ń dán ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Òrùlé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ òrùlé boxcar (ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n bò pa), ọ̀dà kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ síǹkì. Bí ọ̀dà bá bó, àwọ̀ eérú ló ń yọjú. Ó di ìgbà tí síǹkì fúnra rẹ̀ bá jẹ tán kí ìpẹtà tó dé. Ní iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, ìlà ẹrẹ̀ méjì sábà máa ń gùn sókè, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ń ta omi òjò láti ojú irin sí i lára. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń ní ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ìdérí òkè. Ti èédú, inú rẹ̀ ni ẹ ó wò, níbi tí ẹrù ti ha ọ̀dà dànù. Síbẹ̀, láàárín gbogbo ẹgbin yìí, nọ́ńbà ọkọ̀ sábà máa ń ṣeé kà, torí òṣìṣẹ́ rélùwéè nílò rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń wọn ọkọ̀ lófìfo láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á sì kọ ìwọ̀n tuntun sórí ọ̀dà tuntun. Abala kékeré tó mọ́ yẹn ń mú ojú gbàgbọ́ ju ìgò ọ̀dà ìpẹtà mẹ́wàá lọ.

Ọdún ni ìdí kejì tó fi yẹ kí ẹ mọ ìtàn ọkọ̀. Láti 1966 ni wọn kò ti fi pákó ìrìn sórí òrùlé boxcar tuntun mọ́. Àmì aláwọ̀ mèremère KarTrak tí ẹ̀rọ ń kà bẹ̀rẹ̀ ní 1967, wọ́n sì pa á tì ní 1977. Àmì róbótó aláwọ̀ ìyeyè, tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò tí kò sì ní irú èyí tó ń fọ́, 1978 ló dé. Nítorí náà, KarTrak lára ọkọ̀ bó ti rí ní 1985 gbọ́dọ̀ ti ṣá, kí eruku ti bò ó. Róbótó ìyeyè lára ọkọ̀ bó ti rí ní 1970 kò tilẹ̀ yẹ kó sí níbẹ̀ rárá.

Ẹnìkan á ní òun ní fọ́tò ojúlówó ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun àrà ni oníkámẹ́rà máa ń yà. Ẹ wo fọ́tò ọkọ̀ ojú irin kan láti iwájú dé ìparí: ṣíṣá lásán ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ inú rẹ̀ ṣá, tí eruku sì bò wọ́n. Ẹ tún ṣírò rẹ̀. Ní ìwọ̀n HO, ojúlówó fi ìlọ́po 87 ju tiyín lọ, àbàwọ́n tó fẹ̀ tó mílímítà 3 á sì di sẹ̀ǹtímítà 26. Àbàwọ́n ńlá nìyẹn lára ojúlówó ọkọ̀. John Allen, tó kọ́ rélùwéè kékeré Gorre & Daphetid sí Monterey ní Kalifóníà, tó sì kú ní 1973, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ayafọ́tò ni kó tó di ohunkóhun, mi ò sì rò pé èèṣì ni: ojú rẹ̀ ti kọ́ wíwò kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ́ kíkùn.

Àwọn mìíràn á ní ta ni yóò rí gbogbo èyí láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo gbà lápá kan: bí ẹnikẹ́ni kò bá ní dojú ọkọ̀ náà dé, ẹ fi páìpù búréèkì abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àti òrùlé ńkọ́? Òrùlé gan-an ni ẹni tó dúró nídìí tábìlì ń rí jù.

Ti ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á ba ọkọ̀ olówó iyebíye jẹ́ ló yé mi jù. Kó fi ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀, kó sì lo lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì kó tó lo ọ̀dà. Kó ṣọ́ra fún sípíríìtì lórí Dullcote, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí kì í dán, torí ó ń sọ ọ́ di funfun. Kó sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú náà á pòórá bó bá fọ́n Dullcote lé e. Ṣùgbọ́n kó tó fọ́n ọn, omi lásán lè fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.